Ẹ dákun, kì í ṣe màmá ẹni ọgọ́rin ọdún ló yẹ kẹ́ ẹ máa fi kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù dẹ́rù bà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà àti íǹkì lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ojú ìwé ìlera yẹn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó wo ti òṣèlú, torí òṣèlú ò lè sá lọ, ibi tá a bá fi í sí náà la máa bá a. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìgbàgbé àwọn àgbà, mi ò lè gbé e mì bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ló ń jẹ́ kí àgbàlagbà máa gbàgbé nǹkan, ẹ wá ní kí ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún pa epo pupa tì, kó pa ẹyin tì, kó pa ẹran tì. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa? Ìyàwó ilé kan ka ìwé yín, láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ bíbọ̀ fún ìyá ọkọ ẹ̀, kò sí epo, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, màmá tó ti rù tẹ́lẹ̀ o. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò bá a wí, ẹ̀yin ni mo wá bá.

Iṣẹ́ láàbù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, àwa la máa ń fa ẹ̀jẹ̀, àwa náà la máa ń kọ èsì. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní ṣe bíi dókítà níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù yìí, mo ti bá a gbé pẹ́, mo sì máa ń wá ohun táwọn olùwádìí bá sọ nípa ẹ̀ kà. Òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Ibi tó ti wọ́ ni ọjọ́ orí, ìyẹn ìgbà wo gan-an ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe ọpọlọ ní jàǹbá, ta ló sì yẹ kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ṣé màmá ni àbí ọmọ màmá.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Finland. Àwọn olùwádìí ọ̀hún yẹ ẹ̀jẹ̀ àti BP àwọn èèyàn wò láàárín ọdún 1972 sí 1987, nígbà tí àwọn èèyàn náà ṣì lágbára, tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́mọ. Ọdún 1998 ni wọ́n tó padà lọ wá wọn, 1,449 ni wọ́n rí yẹ̀ wò, gbogbo wọn ti di ẹni ọdún 65 sí 79. Àwọn tí kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù wọn ti tó 6.5 lórí òṣùwọ̀n mmol/L tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́ yẹn, ewu pé kí àìsàn Alzheimer, ìyẹn oríṣi àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà, mú wọn tó ìlọ́po méjì tàwọn yòókù, tàwọn tí BP wọn ga gan-an náà rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wá ní méjèèjì pọ̀, tiẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i o, nǹkan bí ogún ọdún ló wà láàárín ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà àti ìgbàgbé tí wọ́n rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ lórí dìméńṣíà, ìyẹn gbogbo àìsàn tó ń sọ àgbà di ẹni tó ń gbàgbé, tó ń ṣàárán, náà fi LDL tó ga, ìyẹn kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù burúkú yẹn, kún àwọn nǹkan tó ń dá kún àìsàn náà, wọ́n sì sọ ọ́ pé èyí tó bá ga nígbà téèyàn ò tíì darúgbó ni àwọn ń sọ. Nǹkan 14 ló wà lórí ìwé wọn báyìí, wọ́n ní tó bá ṣeé ṣe ká mú gbogbo ẹ̀ kúrò láyé, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àwọn tí dìméńṣíà ń mú ni ì bá má mú tàbí kó pẹ́ kó tó mú wọn. LDL kó ìdá 7 níbẹ̀. Ìdá 7 kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá kà á á rò pé ẹyin ló ń jẹ orí bàbá òun.

Wàyí o, báwo ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ọpọlọ? Ibí yìí gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi. Ọpọlọ ò wúwo, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara èèyàn ni, síbẹ̀ òun nìkan ló ni bí ìdá 20 sí 25 nínú gbogbo kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù tó wà lára. Kò sì lè ṣe kó má ní in, òun ló fi ń bo àwọn okùn tó fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ara, òun ló fi ń ṣe ojúko tí ẹ̀yà ọpọlọ kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń rí i o. Ògiri kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ ráyè wọlé, ọpọlọ dà bí ìyàwó ilé tí kì í ra ọbẹ̀ lóde, ó ń dáná tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rá tí màmá jẹ lánàá ti lọ dì sínú ọpọlọ ẹ̀, irọ́ ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé LDL tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ á máa lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀, títí kan àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí, òpó á máa fún, á máa le, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé orí á máa dín kù, á wá di rọpárọsẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ nìkan o, kékeré kékeré wà tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, bàbá á kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan á ní ó rẹ òun, ó parí, àmọ́ ó ti mú díẹ̀ lọ nínú làákàyè ẹ̀. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé bàbá ń ṣàárán. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀, jíìnì kan, ìyẹn ohun tá a jogún látara bàbá àti ìyá, tó ń jẹ́ APOE, òun ló ń ṣe ohun tó ń ru ọ̀rá káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọpọlọ, oríṣi ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní e4, láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó bá gbé e wáyé, ewu Alzheimer ẹ̀ máa ń ga ju tẹni tí ò ní in lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ ni pé ẹ dárúkọ Amẹ́ríkà, ẹ dárúkọ Jámánì, ẹ ò dárúkọ Ìbàdàn! Olóòtú, iwájú ilé wa níbí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó lórúkọ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí lágbàáyé. Lọ́dún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ẹni tó ti kọ́kọ́ lórúkọ lórí àìsàn iṣan tí gbàgùúdá tí wọn ò ṣe dáadáa máa ń fà, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn pa pọ̀ mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Indiana, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn níbí wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú tó wà ní Indianapolis lọ́hùn-ún, ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn. Èèyàn 2,494 ní Ìdíkàn, 2,212 ní Indianapolis. Ìbéèrè kan náà, ìlànà kan náà.

Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti màmá Ìdíkàn yẹn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, kò sí bébà ọjọ́ ìbí níbì kankan, torí náà àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ayé àtijọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí wọn, wọ́n á bi bàbá pé ọmọ ìgbà wo lo jẹ́ nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé, ẹ ò sì lè gbé bébà àti bírò fún ẹni tí ò lọ síléèwé rí kẹ́ ẹ wá ní torí pé kò lè ya àwòrán aago, ọpọlọ ẹ̀ ti kú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi Yorùbá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì tún lọ ń bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé tó ń bá wọn gbé lọ́tọ̀: ṣé màmá ṣì ń rántí ibi tó kó nǹkan sí, ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ti yàtọ̀. Èmi fẹ́ràn apá yẹn gan-an torí ẹni tó ń bá arúgbó gbé ló mọ̀ ọ́n, dókítà tó rí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè mọ̀ ọ́n.

Ọdún 2001 ni wọ́n gbé èyí tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jáde: nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, nǹkan bíi 13 tàbí 14 ni dìméńṣíà ń mú lọ́dún kan, ní Indianapolis, 32 ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáá ni, àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Indianapolis yẹn ti apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí lọ. Osuntokun ò rí ìwé yẹn, ó ti kú lọ́dún 1995, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi ló gbé e dé ibẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń wá ìdí ẹ̀, ara ohun tí wọ́n rí ni pé kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù àwọn àgbà Ìdíkàn kéré gan-an sí tàwọn ará Amẹ́ríkà, wọn ò sanra tó wọn, ìtọ̀ ṣúgà ò pọ̀ láàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ò tó tiwọn.

Lọ́dún 2006 ni wọ́n wá gbé ti kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ jáde. Àgbà 1,075 ní Ìdíkàn, ẹni àádọ́rin ọdún sókè, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn láìjẹun, wọ́n yẹ jíìnì APOE wọn wò pẹ̀lú. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí ò ní e4, bí kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù àti LDL ṣe ń ga sí i ni ewu Alzheimer náà ń pọ̀ sí i, àmọ́ láàárín àwọn tó ní e4, kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀ kan náà ni wọ́n ti rí láàárín àwọn ará Indianapolis ṣáájú ìgbà yẹn. E4 yìí sì pọ̀ láàárín àwa Yorùbá o, kàkà kó máa pa wá bó ṣe ń pa àwọn òyìnbó, ọwọ́ tó fi mú tiwa rọ̀ gan-an. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe “jẹ epo kó o gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ”?

Ẹni tó bá gbọ́n á bi mí pé, àwọn ẹni àádọ́rin ọdún náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn ní Ìdíkàn, kí ló wá dé tí mo ń pariwo pé ọ̀rọ̀ ẹni ogójì ọdún ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò lè sọ fún wa bí ara ẹni ṣe rí láti ogún ọdún sẹ́yìn, ẹni tí tiẹ̀ ga ní àádọ́rin ọdún lè jẹ́ pé ó ti ga láti àádọ́ta, àti pé ìwádìí yẹn ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, ohun tó sọ ni pé wọ́n jọ ń rìn. Ṣùgbọ́n ìwádìí òmíràn wà tó lòdì sí i pátápátá. Ní Honolulu, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin ọmọ Japan tó ń gbé Hawaii fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé àwọn tí dìméńṣíà padà wá mú, kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù wọn ti ń lọ sílẹ̀ láti ó kéré tán ọdún 15 kí wọ́n tó mọ̀ pé àìsàn wà lára wọn. Ó ń lọ sílẹ̀ o! Kì í ṣe pé ó ń gòkè. Ìyẹn ni pé téèyàn bá ti wọ arúgbó dáadáa, èsì tó wálẹ̀ lè jẹ́ pé oògùn ń ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé màmá ò jẹun dáadáa mọ́, ara ń rù, àìsàn ọ̀hún gan-an ló ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń rí àwọn ọmọ tó máa jó kúrò lẹ́nu fèrèsé láàbù torí pé ti màmá ti wálẹ̀, mi ò sì lè sọ nǹkan kan torí iṣẹ́ dókítà nìyẹn, àmọ́ ẹ gbà mí o, ẹ wo ọrùn màmá náà, egungun nìkan ló kù níbẹ̀.

Ti èsì láàbù yìí náà, ẹ bá wa sọ ọ́ nínú ìwé yín. Obìnrin kan gbé bébà méjì wá bá mi nígbà kan, láàbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èkíní ní kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù ẹ̀ jẹ́ 5.2, èkejì ní ó jẹ́ 200, ó ti sunkún débi pé ojú ẹ̀ wú, ó ní láàárín oṣù kan péré ó ti fò látorí márùn-ún dé igba, pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun lọ́wọ́ sí i. Nǹkan kan náà ni! Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀, èkíní wọ̀n ọ́n ní mmol/L, èkejì wọ̀n ọ́n ní mg/dL, ẹ sọ èkíní di púpọ̀ lọ́nà 38.67 ẹ óò bá èkejì. 6.5 tí mo sọ nípa Finland lókè, nǹkan bíi 251 ni lórí òṣùwọ̀n kejì. Ó tún ku ti ààwẹ̀, àwọn arúgbó tí wọ́n máa ń kó wá láti ìdájí láìjẹ nǹkan kan, tí òòyì á máa kọ́ wọn lórí bẹ́ńṣì títí agogo mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ti sọ pé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò pọn dandan kéèyàn gbààwẹ̀ kó tó ṣe tẹ́ẹ̀sì ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, àfi tí dókítà bá ní ìdí pàtàkì bíi tẹni tí triglyceride ẹ̀, ìyẹn oríṣi ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ti ga jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ná kẹ́ ẹ tó febi pa màmá.

Oògùn wá ńkọ́? Méjì làwọn tó ń ṣi í lò. Àwọn kan gbọ́ pé statin, ìyẹn oògùn tó ń fa kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù wálẹ̀, máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé, wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ dà sí ṣálángá. Òótọ́ ni pé lọ́dún 2012 iléeṣẹ́ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé àwọn kan sọ pé iyè àwọn ń fò díẹ̀, àmọ́ wọ́n sọ níbẹ̀ pé kì í le, ó sì máa ń lọ tí wọ́n bá dá a dúró. Àwọn kejì gbọ́ pé ó ń gba ọpọlọ là, wọ́n bá ń rà á ní kẹ́míìsì fún bàbá tó ti ń ṣàárán, kó lè rántí wọn. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò, èèyàn 5,804 ní Scotland, Ireland àti Netherlands, ẹni àádọ́rin ọdún sí méjìlélọ́gọ́rin, wọ́n fún àwọn kan ní pravastatin, ọ̀kan nínú àwọn statin yẹn, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ọdún 2002 ni èsì ẹ̀ jáde. Ó gba ọkàn là, àìsàn ọkàn dín kù láàárín àwọn tó gbà á, ṣùgbọ́n ti ìrántí, kò sí ìyàtọ̀, kò bà á jẹ́, kò tún un ṣe. Torí náà ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún nítorí ọkàn tàbí nítorí rọpárọsẹ̀, kó lò ó, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbé já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ti àwọn alágbo inú bọ́ọ̀sì yẹn, èyí tó ń fọ ọ̀rá, tó ń fọ ṣúgà, tó ń fọ jẹ̀díjẹ̀dí, tó tún ń jẹ́ kí bàbá lágbára nílé, ẹ̀yin náà ń gba ìpolówó wọn, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí epo tẹ́ ẹ fi kọ àkọlé gàdàgbà. Epo pupa ò ní kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù. Òróró ẹ̀pà ò ní. Kò sí epo igi tàbí ti ewéko kan tó ní in tó ṣeé kà, torí náà gbogbo èyí tí wọ́n ń kọ “cholesterol free” gàdà-gàdà sára kẹ́ẹ̀gì òróró, ọgbọ́n ọjà ni, àfi bíi kéèyàn kọ ọ́ sára omi. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí nínú epo pupa nígbà ọyẹ́, òun ló ń jẹ́ kí LDL pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ torí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè kó o kúrò dáadáa. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni irú ọ̀rá yẹn, ti òróró ẹ̀pà ò tó ìdá kan nínú márùn-ún, àdín àti òróró àgbọn tí àwọn èèyàn ń mu ní ṣíbí ṣíbí báyìí pé ó ń tún ọpọlọ ṣe, tiwọn lé ní ìdá 80 nínú 100. Ẹyin kan ní nǹkan bíi mílígírámù 200 kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù, inú pupa ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ èèyàn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù ara, tó o bá jẹ díẹ̀ sí i, lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀dọ̀ á dín tiẹ̀ kù. Arúgbó tí ẹran ara ẹ̀ ti ń lọ, ẹyin yẹn gan-an ló lè jẹ láìní eyín. Ta wá ni kó ṣọ́ra? Èmi àti ẹ̀yin ni, àwa tá à ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran díńdín ní ọ̀sán, suya ní alẹ́, tá à ń gun ọ̀kadà láti ilé dé ìkóríta tí bàbá Ìdíkàn á fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù tó kéré tí wọ́n rí lára àwọn àgbà Ìdíkàn kì í ṣe ogún ìdílé tí wọ́n pín fún wa, ìgbé ayé tí wọ́n gbé ló mú un wá, àwa ò sì gbé e mọ́.

Bí màmá bá ti ń gbàgbé báyìí, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ọbẹ̀ ẹ̀. Ẹ lọ wọn BP ẹ̀, ẹ yẹ ṣúgà wò, ẹ béèrè gbogbo oògùn tó ń lò torí òmíràn nínú wọn máa ń da orí arúgbó rú, tó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ dàrú, ẹ sáré gbé e lọ ọsibítù torí ó lè jẹ́ ibà tàbí àìsàn inú ìtọ̀. Ẹ yẹ etí wọn wò! Nínú ìwé Lancet tí mo sọ yẹn, etí dídi láti ìgbà téèyàn ò tíì darúgbó kó ìdá 7, kan náà ló ṣe pẹ̀lú LDL, ojú tó ń fọ́ tí wọn ò tọ́jú kó ìdá 2, àmọ́ ta ló ń gbé bàbá lọ yẹ etí wò nílùú yìí? A óò kàn máa pariwo mọ́ ọn pé kì í gbọ́ràn. Ti àwọn tó ń sọ pé àjẹ́ ni màmá torí ó ń sọ kántankàntan lóru, ẹ bá wa kọ lórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn, ó ju lẹ́tà kan lọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ bá wa gbé òmíràn jáde tó máa dojú kọ àwọn ẹni ogójì sí ọgọ́ta ọdún, ẹ sì sọ owó tẹ́ẹ̀sì yìí fún wọn, torí ní àwọn ọsibítù alábọ́ọ́dé tí mo mọ̀, BP nìkan ni wọ́n lè bá èèyàn wọ̀n, ẹni tó bá fẹ́ mọ kọlẹ́sitirọ́ọ̀lù ẹ̀ á lọ sanwó ní láàbù aládàáni, owó náà ò sì kéré fún ẹni tó ń ta ata. Ẹ bi àwọn alága ìbílẹ̀ pé kí ló dé. Ẹ tẹ òṣùwọ̀n méjèèjì síbẹ̀ pa pọ̀ kí wọ́n má bàa tún máa sunkún. Kẹ́ ẹ sì bá mi bi dókítà tó máa ń kọ ojú ìwé yẹn: ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú bàbá ẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, tí òun náà ti wá di ẹni ọdún márùndínlógójì, ṣé kó ṣì dúró di ogójì kó tó lọ fa ẹ̀jẹ̀ ni, àbí kó lọ lọ́sẹ̀ yìí? Àbúrò mi kan ló ń béèrè, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.